GMAT Mi Kò Dáa, Mo Sì Fi Fọ́ọ̀mù MBA Ránṣẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lórí Third Mainland, ẹ pẹ̀lẹ́.

Ọ̀pọ̀ yín ló ń bi mí lórí WhatsApp pé báwo ni mo ṣe wọ ètò MBA tí mò ń ṣe lópin ọ̀sẹ̀, nígbà tí mo ti sọ níbí pé mo ṣe wájẹwàjẹ nínú GMAT. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́.

495 ni mo gbà. Láti 205 dé 805 ni wọ́n ń ka máàkì rẹ̀ báyìí, ẹ fojú wò ó. Apá mẹ́ta ni ìdánwò náà, ìṣẹ́jú 45 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Apá ìṣirò ló fẹ́ pa mí: ìbéèrè 21, wọn ò sì ní jẹ́ kéèyàn lo calculator. Èmi tí mo ti ń fi Excel jẹun láti bí ọdún mẹ́fà! Nígbà tí mo dé ìbéèrè 14, ìṣẹ́jú mẹ́fà péré ló kù. Èyí tí ọwọ́ mi bá ti bà ni mò ń tẹ̀.

Mo ní màá tún un ṣe. Wọ́n gbà kéèyàn tún un ṣe, ṣùgbọ́n ọjọ́ 16 gbọ́dọ̀ kọjá kí ẹ tó padà lọ. Ọjọ́ 11 ló sì kù kí wọ́n ti fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ náà. Ọ́fíìsì mi ti ṣèlérí láti san ìdajì owó, ṣùgbọ́n ọ̀gá tó bá mi jà fún un ń fiṣẹ́ sílẹ̀ ní Disẹ́ńbà. Tí mo bá dúró dọdún tó ń bọ̀, ta ni màá rí?

Àyè kan wà níparí fọ́ọ̀mù, tí wọ́n ní kéèyàn sọ ohun tó bá tún fẹ́ kí wọ́n mọ̀. Mo kọ ojú ewé kan àbọ̀ síbẹ̀: Nẹ́pà ò jẹ́ kí n kàwé, ibà mú mi, iṣẹ́ pọ̀. Mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ti ṣe MBA. Ó fohùn ránṣẹ́ padà: "Àbúrò, ta lò ń bẹ̀? Pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n ni pé ìṣirò inú kíláàsì lè ju agbára ẹ lọ. Ìyẹn ni kó o dáhùn."

Mo bínú fún bíi wákàtí méjì. Lẹ́yìn náà, mo pa á rẹ́.

Gbólóhùn mẹ́fà ni mo kọ dípò ẹ̀. Mo jẹ́wọ́ máàkì náà, mo ní ìṣirò ló fà á wálẹ̀. Mo wá sọ iṣẹ́ mi: èmi ni mò ń ṣírò dísẹ́ẹ̀lì tí ẹ̀ka 38 ń lò lóṣooṣù, èmi ni mo sì rí àwọn ẹ̀ka tí dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń rà pọ̀ ju wákàtí tí jẹnẹrétọ̀ wọn fi ṣiṣẹ́ lọ. Mo bẹ ọ̀gá mi pé kó kọ ìtàn yẹn sínú lẹ́tà ìjẹ́rìí, pẹ̀lú iye owó tó bá a dúró, kó má kàn kọ pé òṣìṣẹ́ takuntakun ni mí. Ta ni kì í ṣe takuntakun nínú lẹ́tà? Mo forúkọ sílẹ̀ fún kíláàsì ìṣirò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì fi rìsíìtì rẹ̀ há a. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ pé ẹ "máa" kọ́ ìṣirò. Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó kọ ọ́.

Wọ́n pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Màámì kan wo fáìlì mi, wọ́n ní, "Ṣé òótọ́ ni 495 yìí ń sọ nípa yín?"

Mo ní, "Òótọ́ ni, mà. Ó sọ bí mo ṣe ń ṣe ìṣirò tí aago bá ń lé mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n wá na bírò sí mi pé kí n ṣàlàyé ìṣirò dísẹ́ẹ̀lì yẹn sórí pépà. Ibẹ̀ la wà títí àkókò fi tó.

Wọ́n gbà mí, ṣùgbọ́n pẹ̀lú àdéhùn: kí n kọ́kọ́ yege nínú kíláàsì ìṣirò Sátidé mẹ́ta. Mo yege, àmọ́ òógùn bò mí.

Kì í ṣe gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ló máa ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó sanwó fọ́ọ̀mù. Ẹ tún bi wọ́n bóyá wọ́n ń gba Executive Assessment, ìdánwò oníṣẹ̀ẹ́jú 90 tí wọ́n dìídì ṣe fún àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́.

Agogo mẹ́jọ àárọ̀ ọ̀la ni kíláàsì mi, statistics ni. Ẹ jẹ́ kí n lọ kàwé. Ó dàbọ̀.