ẸṢIN NI KÓ YAN IBÙDÓ
Ọ̀rọ̀ lórí pípàgọ́ pẹ̀lú ẹṣin ní etí igbó àti etí adágún ní ilẹ̀ Borno

 

Àwa Yorùbá máa ń sọ pé òwe lẹṣin ọ̀rọ̀. Ẹṣin kún ẹnu wa, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ní Maiduguri kì í rí ẹṣin dáadáa àfi nígbà ọdún Iléyá tàbí Ìtúnu Ààwẹ̀, tí àwọn ẹlẹ́ṣin bá múra lọ kí Shehu. Wọ́n rí ọ̀ṣọ́, wọn kò rí ibi tí ẹṣin náà sùn mọ́jú. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Kókó rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: ẹni tó bá fẹ́ bá ẹṣin sùn níta, ẹṣin ni kó jẹ́ kó yan ibùdó fún un.

1. Ohun tí ìtàn fi kọ́ wa

Ní ìparí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, Mai Idris Alooma ló jọba ní Borno. Ìmáàmù rẹ̀, Ahmad ibn Furtu, kọ ìtàn àwọn ogun rẹ̀ sílẹ̀ ní èdè Lárúbáwá. Ó ròyìn pé tí ogun bá ti fẹ́ sùn, wọn a ṣọgbà yí ibùdó ká. Ó ka àǹfààní ọgbà náà: ẹṣin lè rìn kiri nínú rẹ̀ láìsí pé a so ó, olè kò sì lè ráyè wọlé lóru. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ẹṣin wà ní iwájú.

Kò yani lẹ́nu. Leo Africanus, tó kọ̀wé ní ọ̀rúndún yẹn kan náà, sọ pé ẹrú 15 sí 20 ni ọba Borno ń fi ra ẹṣin kan lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò àríwá. Ìtàn ìbànújẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó fi hàn wá bí ẹṣin ti níye lórí tó.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì ọdún 1823, àwọn òyìnbó mẹ́ta, Denham, Clapperton àti Oudney, la aṣálẹ̀ kọjá láti Tripoli, wọ́n dé etí Adágún Chad ní Lari. Omi àti koríko wà níbẹ̀ fún ẹran tó ti rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún náà, Denham tẹ̀lé ogun lọ sí ìhà Mandara. Ní Musfeia, ọfà ba ẹṣin rẹ̀, ẹṣin ṣubú, àwọn ọ̀tá sì bọ́ ọ láṣọ. Ẹsẹ̀ ló fi sá wọ igbó. Etí adágún gba ẹlẹ́ṣin. Igbó àti gegele sọ ọ́ di ẹlẹ́sẹ̀.

2. Kí ló dé tí igbó kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹṣin?

Nílé wa náà, a mọ̀ ọ́n. Ọ̀yọ́ Ilé wà ní ilẹ̀ ọ̀dàn, ẹṣin tí wọ́n rà láti òkè ọya sì fún un lágbára. Àmọ́ bí ẹlẹ́ṣin bá wọ igbó kìjikìji, agbára tán. Ní nǹkan bí ọdún 1840, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ṣẹ́gun àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin ní Òṣogbo.

Igi nìkan kọ́ ló fa èyí. Eṣinṣin tsetse ń gbé ní igbó àti ní bèbè odò tó níboji. Tó bá ta ẹṣin, ó lè fi kòkòrò àrùn sínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ibà á mú ẹṣin náà, á rù, ẹsẹ̀ àti ikùn rẹ̀ á wú, bí a kò bá sì tètè tọ́jú rẹ̀, á kú. Oògùn wà, ṣùgbọ́n kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára. Gbígbẹ tí ilẹ̀ Borno gbẹ wà lára ohun tó jẹ́ kí ẹṣin rí ayé gbé níbí.

3. Bí a ṣe ń pàgọ́

Omi: Ẹṣin kan lè mu lítà 20 sí 40 lóòjọ́, ó sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà ooru wa. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 kan kò tó o. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe so ó létí omi gan-an. Ní ọ̀pọ̀ ibùdó inú igbó ní Amẹ́ríkà, nǹkan bíi mítà 60 ni wọ́n ní kí ẹṣin jìnnà sí adágún, kí ìgbẹ́ rẹ̀ má bàa ba omi jẹ́.

Ilẹ̀: Ẹ wá ibi gíga oníyanrìn. Ilẹ̀ dúdú tí wọ́n ń pè ní firki, tó wà ní agbègbè Adágún Chad, a máa sán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a sì di ẹrẹ̀ tí pátákò ń rì sí nígbà òjò.

Kòkòrò: Létí omi, àwọn kòkòrò tín-ín-tín tó ń jẹni láti ìrọ̀lẹ́ di àfẹ̀mọ́júmọ́ ń gbé àrùn mìíràn tó ń pa ẹṣin. Ẹ jìnnà sí omi tó dúró sójú kan, kí ẹ sì dá èéfín.

Oúnjẹ: Ẹ gbé eèrí ọkà bàbà àti ewé ẹ̀pà gbígbẹ dání. Ẹ má fún un ní èyí tó ti bu. Ẹṣin kì í lè bì. Inú rírun lásán lè pa á.

Ìso: Ẹ má so ó mọ́ ìdí igi. Á jẹ èèpo igi náà, okùn á sì lọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ẹ ta okùn láàrin igi méjì, kó ga ju orí ẹṣin lọ, kí ẹ wá so ó mọ́ ìyẹn.

4. Ipò tí a wà

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe fún ìgbádùn nìkan. Sambisa, tó jẹ́ ọgbà ẹranko igbó tẹ́lẹ̀, di ibùba Boko Haram. Ibẹ̀ ni wọ́n kó àwọn ọmọbìnrin Chibok lọ ní oṣù Kẹrin ọdún 2014. Adágún Chad, tó fẹ̀ tó nǹkan bíi 25,000 kìlómítà níbùú lóròó ní àwọn ọdún 1960, súnkì gidigidi lẹ́yìn náà. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ìdídò Alau ya, omi sì bo ìlú wa, títí kan ààfin Shehu. Nítorí náà, n kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni kó ọmọ lọ pàgọ́ sí igbó tàbí sí etí adágún báyìí. Ẹ̀mí kò ní ààrọ̀.

Ṣùgbọ́n ìmọ̀ kò gbọdọ̀ kú nítorí pé ọ̀nà dí. Àwọn àgbà tó ń tọ́jú ẹṣin nínú ìlú yìí ṣì wà. Wọ́n mọ ẹṣin tó ń ṣàìsàn láti ojú rẹ̀, wọ́n mọ omi tó dára àti ilẹ̀ tó lè gbé pátákò. Àbá mi ni pé kí ẹgbẹ́ wa máa mú àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ wọn nínú ìlú, ní ọ̀sán gangan, kí wọ́n kọ́ bí a ti ń fún ẹṣin lómi, bí a ti ń so ó, bí a ti ń wo pátákò rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó bá kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ àgbà Kanuri ti mọ ilẹ̀ tí a bí i sí, ilẹ̀ náà sì ti mọ̀ ọ́n.

Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Bí àwa àgbà bá lọ kọ́ ọ, àwọn ọmọ á tẹ̀lé wa. Lọ́jọ́ tí ọ̀nà igbó àti ọ̀nà adágún bá là, a óò ní ẹni tó mọ ibi tí a ó so ẹṣin mọ́.

 Kí Ọlọ́run fún Borno ní àlàáfíà, kó sì máa dá ẹgbẹ́ wa sí. Àmín.