Kẹ̀kẹ́ Nìkan Kò Tó



Ẹ̀yin ará Ifákò-Ìjàyè, láti Ògbà dé Ìjú, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń fún àwọn tó rọ lẹ́sẹ̀ ní kẹ̀kẹ́ arọ, inú gbogbo wa máa ń dùn. Ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹnu ọ̀nà wọn lọ́jọ́ kejì: gọ́tà fẹjú níwájú ilé, pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n fi ṣe afárá rẹ̀, táyà kẹ̀kẹ́ ò lè gba orí rẹ̀. Inú yàrá ni ẹni tó gba kẹ̀kẹ́ náà ṣì wà.

Yàtọ̀ sí ọ̀nà, wọ́n nílò iṣẹ́ pẹ̀lú: ẹ rántí olórin Yínká Ayéfẹ́lẹ́. Oṣù Kejìlá 1997 ni jàǹbá ọkọ̀ sọ ọ́ di aláìlèrìn. Orí ibùsùn ìwòsàn ni ọ̀rẹ́ kan ti gbà á nímọ̀ràn pé kó ṣe àwo orin. Lónìí, òun ló ń gba èèyàn síṣẹ́ ní iléeṣẹ́ rédíò Fresh FM. Ìrólágbára gidi nìyẹn: kí a wo ohun tọ́wọ́ èèyàn lè ṣe. Bí aláìlèrìn bá fẹ́ ránṣọ, ẹ̀rọ tí wọ́n ń fọwọ́ yí ni kí ẹ rà fún un, kì í ṣe ẹlẹ́sẹ̀.

Ní ti ẹnu ọ̀nà, òfin kúkú wà lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara. Fáṣọlá, gómìnà Èkó nígbà náà, buwọ́ lu ti Èkó ní 2011. Ti ìjọba àpapọ̀ jáde ní 2019, ó fún àwọn ilé tí gbogbo ayé ń wọ̀ ní ọdún 5 láti tún ẹnu ọ̀nà wọn ṣe. Ọdún 5 yẹn ti kọjá. Ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ̀yin lèmọ́mù, ẹ̀yin onílé ìtajà, síméǹtì àti yanrìn díẹ̀ ló máa sọ àtẹ̀gùn yín di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kẹ̀kẹ́ lè gùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe bíríkìlà lọ́sẹ̀ yìí.