Bí Epo Kò Bá Dé Ẹnjìnnì, Ibo Ló Há Sí?

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn mẹkáníìkì ẹgbẹ́ wa bá ìpàdé ẹ̀ka sọ ní Ìsọlọ̀

Akọ̀wé ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ọkọ̀ àgbà tí kò rí epo mu. Mo dúpẹ́ pé ohun tí mo mọ̀ ni wọ́n bi mí. Ká ní ọ̀rọ̀ owó oṣù ni, àwọn tí yóò sọ ọ́ jù mí lọ pọ̀ níbí.

Gbogbo yín lẹ mọ bí ó ṣe máa ń rí. Ọkọ̀ kú lábẹ́ bíríìjì Òṣòdì ní aago mẹ́fà àbọ̀ òwúrọ̀. Èrò ń pariwo pé kí a dá owó àwọn padà. Mẹkáníìkì tí a kọ́kọ́ rí fọwọ́ kan ẹnjìnnì, ó ní, “Pọ́ǹpù ti lọ.” A sáré lọ sí Ládìpọ̀, a ra pọ́ǹpù tòkunbọ̀, a dè é mọ́ ọn. Ọkọ̀ ṣiṣẹ́ dé Sẹ́lẹ́, ó tún kú. Wọ́n ní kábúrétọ̀ ni, a tún ra kábúrétọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, owó ọlọ́kọ̀ kò pé, owó oúnjẹ kò sí, ó sì wá hàn pé ihò kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ táǹkì ló dí. Ohun tí a wá lọ sí Ṣókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà.

Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ni mo wá bẹ̀ yín: ẹ má ṣe ra ohunkóhun títí ẹ ó fi mọ ibi tí epo dúró sí. Ọ̀nà kan ni epo ń gbà: láti táǹkì bọ́ sí páìpù, sí fílítà, sí pọ́ǹpù, sí kábúrétọ̀, kí ó tó wọ ẹnjìnnì. Ẹni tó bá tọ̀ ọ́ lẹ́yìn yóò bá a níbi tó há sí.

Irú ọkọ̀ wo ni mo ń sọ? Ní ọdún 1975 ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ pọ̀ lójú ọ̀nà Badagry, ọdún yẹn náà ni Peugeot bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní Kaduna. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbà náà, ìjàpá, 504 àti bọ́ọ̀sì tí ó sọ dánfó di olókìkí, kábúrétọ̀ ni wọ́n ń lò, àwọn tó sì ní in kò tíì tán lójú pópó. Ọkọ̀ tí ó ní injector yàtọ̀. Pọ́ǹpù rẹ̀ sábà máa ń wà nínú táǹkì, iná bátìrì ló ń lò, agbára tí ó fi ń ti epo sì lè tó 40 psi, ó ju afẹ́fẹ́ inú táyà ọkọ̀ kékeré lọ. Ẹ má ṣe tú páìpù irú rẹ̀ lójú ọ̀nà, yóò tu epo sí yín lójú. Pọ́ǹpù ayé àtijọ́ tí ẹnjìnnì fúnra rẹ̀ ń tì kì í sábà ju 5 psi lọ.

Kí a tó dá epo lẹ́bi, ẹ kọ́kọ́ bi iná léèrè. Ẹ ṣáná sí ọkọ̀ bí ìgbà mẹ́ta mẹ́rin, kí ẹ tú púlọ́ọ̀gì kan wò. Bí orí rẹ̀ bá gbẹ, epo kò dé. Bí ó bá tutù tí ó ń rùn epo, epo dé. Iná ni kò sí, tàbí kí epo ti pọ̀ jù. Bí ó bá dúdú bí ìdí ìkòkò, epo tí ó ń mu ju afẹ́fẹ́ lọ, owó yín ló ń gba sàlẹ́ńsà jáde. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré mọ́. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà tí kò tó 200 náírà ní Èkó sún mọ́ 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sì dúró níbẹ̀. Púlọ́ọ̀gì dúdú ní 1985, ìyà kékeré ni. Lónìí, ó lè jẹ gbogbo èrè ọ̀sẹ̀ kan.

Bí púlọ́ọ̀gì bá gbẹ, ẹ pa ẹnjìnnì, ẹ ṣí ìdérí asẹ́ afẹ́fẹ́, ẹ wo ọ̀fun kábúrétọ̀, kí ẹnì kan sì tẹ iná lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Bí epo bá tú sàà wọ inú ọ̀fun náà, epo wà nínú àwo kábúrétọ̀, táǹkì àti pọ́ǹpù ti ṣe tiwọn. Ẹ lọ wá jẹ́ẹ̀tì tó dí. Bí nǹkan kan kò bá jáde, ẹ padà sẹ́yìn. Ẹ jọ̀wọ́, kí ojú ẹnikẹ́ni má ṣe wà lókè ọ̀fun yẹn nígbà tí a bá ń ṣáná, nítorí iná a máa bẹ́ jáde níbẹ̀.

Àyẹ̀wò kejì ni ti ìgò. Ẹ tú róbà tó wọ kábúrétọ̀, ẹ ti ẹnu rẹ̀ bọ ìgò funfun. Ẹ yọ wáyà àárín kúrò lára dísíríbútọ̀, ẹ so ó mọ́ irin ara ẹnjìnnì dáadáa kí iná má baà ta, kí ẹ tó ní kí dẹ́rẹ́bà ṣáná. Kí ẹ gbé iyẹ̀pẹ̀ sí tòsí o. Kì í ṣe omi, nítorí epo yóò léfòó lórí omi, yóò sì máa jó lọ. Pọ́ǹpù tó dára yóò máa tú epo jáde ní ìgbà dé ìgbà pẹ̀lú agbára, bí ẹni ń tutọ́. Bí ó bá kàn ń kán tó, tó, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ má ṣe da epo inú ìgò náà nù. Ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ wò ó. Omi wúwo ju epo lọ, ìsàlẹ̀ ni yóò sùn sí. Ìpẹtà táǹkì náà yóò sì hàn.

Ṣé pọ́ǹpù ló kú ni, àbí kò rí ohun tó máa fà? Ẹ fi róbà tó mọ́ so ẹnu ibi tí pọ́ǹpù ń gbà fa epo mọ́ kẹ́ẹ̀gì tí epo tó dára wà nínú rẹ̀, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì náà sílẹ̀ lóde ọkọ̀, kí ẹ tún ìdánwò ti ìgò ṣe. Bí epo bá ń tú jáde dáadáa báyìí, ara pọ́ǹpù le. Àṣìṣe wà láti fílítà padà sí táǹkì.

Ẹ̀yin ará, ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn dé ibí yìí, inú wọn dùn pé ọkọ̀ ṣiṣẹ́, wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó dẹ́rẹ́bà, wọ́n sì sọ ọ́ di táǹkì. Àyẹ̀wò ìṣẹ́jú márùn-ún ni kẹ́ẹ̀gì, kì í ṣe ilé epo. Èéfín epo wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ọkọ̀ ló máa ń kó jọ sí, lábẹ́ ẹsẹ̀ èrò mẹ́rìnlá tí ilẹ̀kùn kan ṣoṣo wà fún. Sìgá kan tó, wáyà kan tó bó tó. Nínú bọ́ọ̀sì Volkswagen tí ẹnjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: róbà epo gba tòsí dísíríbútọ̀ kọjá, dẹ́rẹ́bà kò sì ní í rí i bí ó bá ń jò. Róbà tó bá ti le tàbí tó ti sán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ọjọ́ náà tó parí.

Kí ni a ó máa wá láti fílítà dé táǹkì? Fílítà kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀, kò wọ́n, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ti ìdérí táǹkì ni kí ẹ fọkàn sí. Bí epo ṣe ń jáde, afẹ́fẹ́ gbọdọ̀ wọlé rọ́pò rẹ̀. Bí ihò rẹ̀ bá dí, ọkọ̀ yóò rìn fún ogún ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀, yóò kú. Bí ẹ bá sinmi, yóò tún dìde. Ẹ ṣí ìdérí náà ní kété tó bá kú. Bí ẹ bá gbọ́ “ṣíì”, ẹ ti rí olè. Róbà láàárín táǹkì àti pọ́ǹpù náà lè sán kí ó má jò rárá: dípò kí epo jáde, afẹ́fẹ́ ni pọ́ǹpù ń fà wọlé. Ẹni tó ń wá ibi tó tutù kò ní í rí i.

Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Òṣòdì lọ́sàn-án, ooru nìkan tó láti pa ọkọ̀. Apá tó fúyẹ́ jùlọ nínú epo bẹntiróò a máa hó ní ìwọ̀n ooru tí kò tó ìdajì èyí tí omi fi ń hó. Bí epo bá di ooru nínú páìpù, pọ́ǹpù kò lè fà á. Àkísà tútù tí àwọn dẹ́rẹ́bà àgbà máa ń gbé lé pọ́ǹpù kì í ṣe oògùn, ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń ṣe é lójoojúmọ́, ẹ wò ó bóyá páìpù ti fara kan sàlẹ́ńsà.

Epo fúnra rẹ̀ sì lè jẹ̀bi. Ní oṣù kejì ọdún 2022, àwọn aláṣẹ epo gbà pé epo tí methanol inú rẹ̀ ju ìwọ̀n lọ ti wọ ọjà. Methanol a máa jẹ róbà, a máa jẹ alumíníọ̀mù, a sì máa fa omi mọ́ra. Bí ọkọ̀ méjì mẹ́ta tó ra epo níbì kan náà bá jọ ń wúkọ́ lọ́jọ́ kan náà, ẹ má ṣe tú ẹnjìnnì ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé ìgò.

Lórí kábúrétọ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọṣẹ́ fi wáyà gún jẹ́ẹ̀tì. Idẹ ni, ihò rẹ̀ yóò fẹ̀ sí i, ọkọ̀ yóò sì di ọ̀mu títí ayé. Afẹ́fẹ́ ni kí ẹ fi fẹ́ ẹ. Ẹ mi fúlóòtù létí. Bí epo bá ń dún nínú rẹ̀, ó ti lu, kò ní í léfòó mọ́. Ẹ̀yin ará ilé iṣẹ́ tí ẹ kò ní ọkọ̀, jẹnẹrétọ̀ kékeré tó wà nílé yín ní fúlóòtù àti jẹ́ẹ̀tì bákan náà.

Bí ọ́ìlì ẹnjìnnì bá ń pọ̀ sí i fúnra rẹ̀, tó ń rùn epo, awọ inú pọ́ǹpù ti ya. Ẹ pa ọkọ̀ náà lójú ẹsẹ̀. Kí ẹ sì jáwọ́ nínú fífi ẹnu fa epo. Ẹni tó bá gbé e mì, ẹ má ṣe fún un ní epo pupa, ẹ má ṣe mú un bì, nítorí ìgbà tó bá ń padà bọ̀ ló máa ń wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.

Ẹnì kan bi mí kí a tó jókòó pé ọlọ́kọ̀ òun kọ̀ láti tún táǹkì ṣe, ó ní kí òun máa fi kẹ́ẹ̀gì ṣe é. Èrò tèmi ni pé ẹni tó ni ọkọ̀ ló ni táǹkì, kò sì yẹ kí dẹ́rẹ́bà kan dá nìkan lọ jà á. Mo ti bá alága sọ ọ́, wọ́n ní kí ẹni tó bá wà nínú irú rẹ̀ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé, kí ẹ̀ka lè kọ̀wé sí ọlọ́kọ̀ náà.

Ní ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, a ó jọ tú kábúrétọ̀ méjì lẹ́yìn gbọ̀ngàn yìí. Kí olúkúlùkù mú ìgò funfun kan wá. Sìgá kí ó dúró sílé.