Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ọ̀rọ̀ Lórí José Ramón Larraz



Kí a tó wọ inú ọ̀rọ̀, a ní ẹ̀bi kan láti jẹ́wọ́. Láti ìgbà tí a ti ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́, bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá fi iṣẹ́ tí ó kọ́ sílẹ̀ lọ sí òmíràn, a máa ń bá a wí pé ó ti fi ọdún rẹ̀ ṣòfò. Ìtàn ọmọ ilẹ̀ Sípéènì kan ni ó mú wa tún ọ̀rọ̀ náà rò.

José Ramón Larraz ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Barcelona ni a bí i sí ní ọdún 1929. Yíya ìtàn alàwòrán ni iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó fi ilẹ̀ rẹ̀, níbi tí Franco ti ń fi ọwọ́ líle ṣàkóso, sílẹ̀ lọ sí Paris. Níbẹ̀ ni ó ti di ayafọ́tò oge, tí ó ń ya àwọn obìnrin arẹwà nínú aṣọ ìgbàlódé. Nígbà tí ó tó bí ẹni ogójì ọdún, ó rékọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì di olùdarí sinimá tí ń dẹ́rù bani. Whirlpool, tí ó jáde ní 1970, ni àkọ́kọ́. Ayafọ́tò kan ni ó sì wà ní àárín ìtàn náà.

Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ ayafọ́tò oge yóò mọ̀ pé aṣọ nìkan kọ́ ni ó ń yà. Ó ń yan ibi tí ìmọ́lẹ̀ yóò ti wọlé, ó ń fi sùúrù dúró de ìgbà tí ojú ẹni tí a ń yà yóò sọ̀rọ̀, ó sì ń darí ojú ẹni tí yóò wo àwòrán náà sí ibi tí ó fẹ́. Ọgbọ́n yìí kan náà ni Larraz gbé wọ inú sinimá. Nínú Symptoms, tí ó jáde ní 1974, obìnrin méjì ń gbé nínú ilé ńlá kan láàrin igbó, adágún omi kan sì wà nítòsí. Igbe kò pọ̀ níbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé, omi tí ó dákẹ́, àti ojú Angela Pleasence, tí a kò mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, ni ó ń kó jìnnìjìnnì bá ènìyàn.

Ní ọdún náà gan-an ni sinimá yìí ṣojú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbi àjọ̀dún Cannes. Àwọn àgbà a máa wí pé àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ti àlejò yìí yàtọ̀, nítorí ojú tí ó ti kọ́ṣẹ́ ni ó gbé wá.

Ní 1974 bákan náà ni ó ṣe Vampyres, ìtàn obìnrin méjì tí ń mu ẹ̀jẹ̀ àwọn arìnrìn-àjò. Ilé Oakley Court, létí odò Thames nítòsí Windsor, ni a ti yà á. Àwa tí ń gun àga ìwàásù kò ní sọ pé kí ẹ kó àwọn ọmọ yín jọ láti wò ó; ìhòhò àti ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè jẹ ọbẹ̀ kan ṣì lè mọ̀ pé ọwọ́ ẹni tí ó sè é dá ṣáṣá.

Ohun kan dùn wá nínú ìtàn yìí. Symptoms, tí ó gba irú ọlá bẹ́ẹ̀, di àwátì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àdàkọ tí kò mọ́ ni àwọn olùfẹ́ rẹ̀ ń rí wò. Ní 2010, British Film Institute kà á mọ́ sinimá 75 tí wọ́n ń wá jù lọ. A rí ògidì rẹ̀ nígbẹ̀yìn, a sì tún gbé e jáde ní 2016. Ṣùgbọ́n Larraz ti kú ní Málaga ní 2013.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí ọmọ yín tàbí akẹ́kọ̀ọ́ wa bá ní òun fẹ́ yí iṣẹ́ padà, kí a tó bá a wí, ẹ jẹ́ kí a bi í pé: kí ni ìwọ óò gbé láti inú èyí lọ sínú èkejì? Bí ó bá ní ìdáhùn, kí a súre fún un. Bí ó bá sì ṣe iṣẹ́ náà yọrí, kí a bá a tọ́jú rẹ̀, kí ó má baà di ohun tí a ń wá lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ní tiwa, a óò kọ́kọ́ tọ àwọn tí a ti bá wí láìdára lọ.