Ẹ Jẹ́ Ká Fi Àáró Ṣọ́ Ẹ̀jẹ̀ Ríru

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà fi àmì hàn, torí náà "ara mi le" kò tó. Bí BP bá ń jẹ́ 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ léraléra, ẹ lọ rí dókítà. A kúkú mọ̀ ọ́n. Ṣíṣe é déédéé ló ṣòro. Àwọn bàbá wa tó ń ṣe àáró kò gbára lé ìpinnu ọkàn nìkan: ẹgbẹ́ ẹ ti bá ẹ roko lánàá, bó rẹ̀ ẹ́ lónìí, wàá dìde lọ sí tiẹ̀. Ẹ mú ẹnì kan lórí WhatsApp yìí. Ní gbogbo Sátidé, ẹ pe ara yín: "Ṣé o ti yẹ BP rẹ wò? Oògùn ńkọ́? Ṣé o rìn?" (Àwòrán "Good morning" kò kà o.) Èmi ti mú ẹnìkejì mi. Ta ni tiyín?