Ta Ló Ni Kọ́mà? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Gbangba Lórí Síso Àkójọ String Pọ̀

Kò sí ẹni tó wà níhìn-ín tí kò mọ string àti object, nítorí náà n kò ní pẹ́ lórí ìtumọ̀. String ni ọ̀rọ̀ tí kọ̀ǹpútà tò ní lẹ́tà-lẹ́tà. Àkójọ ni ọ̀pọ̀ wọn. Àmì ìpààlà, tó sábà máa ń jẹ́ kọ́mà, ló ń là wọ́n láàárín. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Síso àkójọ pọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ àkójọ fúnra rẹ̀, kì í sì í ṣe ohun tí ó yẹ kí oníkóòdù kọ̀ọ̀kan máa fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Iṣẹ́ àmì ìpààlà ni.

Nígbà tí mo ń kọ́ni ní Java láyé ijọ́un, loop ni gbogbo wa ń kọ: mú orúkọ kan, fi kọ́mà tẹ̀lé e, mú òmíràn. Bí loop bá parí, kọ́mà kan á ṣẹ́kù sí ìdí orúkọ ìkẹyìn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á wá fi substring gé lẹ́tà ìkẹyìn dànù. Mo ṣì ń rí i nínú iṣẹ́ àṣetiléwá títí dòní, inú mi kì í sì í dùn. Bí àkójọ bá ṣófo ńkọ́? Kò sí lẹ́tà tí ẹ máa gé, ètò á sì dákú mọ́ yín lọ́wọ́. Bí àmì ìpààlà bá jẹ́ kọ́mà àti àlàfo ńkọ́? Ẹ gé àlàfo, kọ́mà ṣì jókòó síbẹ̀. Ẹni tó lo ọdún mẹ́rin ní yunifásítì ò yẹ kó máa ṣe báyìí.

Ìyẹn tún kéré. String inú Java kì í yí padà: bí ẹ bá fi orúkọ kan kún un, ńṣe ló ń da gbogbo èyí tó wà tẹ́lẹ̀ kọ sí ibòmíràn. Ká ní orúkọ 1,000 la ní, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú kọ́mà rẹ̀ jẹ́ lẹ́tà 10. Kọ̀ǹpútà á kọ lẹ́tà 10, á kọ 20, á kọ 30, títí dé 10,000. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀: lẹ́tà 5,005,000 ló kọ kó tó lè gbé 10,000 jáde. StringBuffer, àti StringBuilder tó tẹ̀lé e lọ́dún 2004, gbà wá lọ́wọ́ ìnáwó yẹn, ṣùgbọ́n kọ́mà ìdí ìlà kò kúrò. Ó di oṣù kẹta ọdún 2014 kí Java 8 tó gbé String.join àti StringJoiner dé.

Wàyí o, ìjà àtijọ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé n kò ní sọ̀ kalẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Ní Python, ", ".join(oruko) là ń kọ: kọ́mà là ń bẹ̀ níṣẹ́. Ní JavaScript àti Ruby, oruko.join(", ") ni: àkójọ ló ń so ara rẹ̀. Àwọn akẹgbẹ́ mi kan, tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi, ní ti Python dorí kodò, pé orúkọ tí a ní lọ́wọ́ ló yẹ kó ṣáájú nínú kíkà. Wọ́n tún ń ṣàárò string.join(oruko, ", ") ti àtijọ́, èyí tí method join ti ara string rọ́pò lọ́dún 2000, tó sì kúrò pátápátá nígbà tí Python 3.0 dé lọ́dún 2008.

Mo ti gbọ́ àwíjàre wọn, n kò gbà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ nìkan là ń kó sínú àkójọ. A ń kó ọjọ́ sí i, a ń kó owó sí i, nígbà mìíràn àyè kan á ṣófo. Ẹ mú orúkọ mẹ́ta, Ṣadé, null, Kọ́lá. JavaScript á fún yín ní "Ṣadé, , Kọ́lá" láìkìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. String.join ti Java á kọ null gan-an síbẹ̀ bí ẹni pé ọmọ kíláàsì ni. Python, tí àyè òfìfo tirẹ̀ ń jẹ́ None, á kọ̀ jálẹ̀, á sì sọ fún yín pé èyí kì í ṣe string. Ti Python ni mo fara mọ́, nítorí pé àṣìṣe tó pariwo sàn fún wa ju èyí tó wọ inú ìwé àbájáde ìdánwò lọ. Ẹ tún wò ó: set ńkọ́, tuple ńkọ́, generator ńkọ́, àwọn ìlà inú fáìlì ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé àkójọ ló ni iṣẹ́ náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni yóò ní join tirẹ̀. Python kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sára string, ó parí. Guava, láíbírérì Java ti Google, tún lọ jìnnà sí i: Joiner.on(", ").skipNulls() jẹ́ object tó mọ àmì ìpààlà rẹ̀, tó sì mọ ohun tí yóò fi àyè òfìfo ṣe. Bí ẹ kò bá sọ fún un, kò ní dá a ṣe. Á bá yín jà. Ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí gbogbo wa dé.

Alága ìjókòó ti ń wo aago, ẹ jẹ́ kí n yára.

Fífi split tú string padà sí àkójọ kì í ṣe òdìkejì síso àkójọ pọ̀ bí ẹ ṣe rò. "Ṣadé,Kọ́lá,," ní ọwọ́ split ti Java á di ẹyọ méjì. Ní ọwọ́ Python á di mẹ́rin. Àkójọ tó ṣófo àti èyí tó ní string òfìfo kan ṣoṣo, bákan náà ni wọ́n ń rí lẹ́yìn String.join; setEmptyValue inú StringJoiner ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Orúkọ tí kọ́mà wà nínú rẹ̀ ńkọ́? "Adéyẹmí, Olúwaṣeun" inú rẹ́jísítà wa á di èèyàn méjì bí ẹ bá fi kọ́mà tú u. RFC 4180 ti ọdún 2005, ìlànà fáìlì CSV, ní kí a fi àmì àyọlò yí i ká, kí a sì kọ àmì àyọlò tó bá wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ lo láíbírérì tó mọ òfin yìí.

Nítorí náà, nínú class tí ẹ bá ń kọ, ẹ jẹ́ kí àkójọ máa jẹ́ àkójọ. Ẹnu ọ̀nà àbájáde nìkan ni kí ẹ ti sọ ọ́ di string.

Ẹ̀yin olùkọ́ ọdún kìíní, mo bẹ̀ yín, ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá fi array hàn wọ́n ni kí ẹ fi String.join hàn wọ́n. Ẹ fún wọn ní àkójọ tó ṣófo, èyí tó ní ẹyọ kan, àti èyí tí kọ́mà wà nínú orúkọ, kí wọ́n fi dán kóòdù wọn wò kí ẹ tó fún wọn ní máàkì.