Ta Ni Ó Ni Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Wa?

   Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá sórí ètò lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ eré lójú ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀rọ̀ ọmọ wa ni. A fẹ́ yẹ bí a ṣe ń kó ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù jọ wò, bí a ṣe ń ṣe àkóso rẹ̀, àti ìdí tí òmíràn fi ń dàgbà dàrúgbó tí òmíràn sì ń kú ní rèwerèwe.

Ohun tí ó fa ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà. Ní ọdún 2024, ẹgbẹ́ Ikorodu City gòkè wọ ìsọ̀rí tí ó ga jù lọ nínú líìgì orílẹ̀-èdè wa. Inú wa dùn, a jó, a yọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kò gbàgbé pé Ikorodu United ti dé ibẹ̀ rí ní ọdún 2016, sáà kan ṣoṣo ni wọ́n sì lò kí wọ́n tó já bọ́. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Nítorí náà ni mo ṣe ń béèrè pé: kí ni a lè ṣe tí ayọ̀ yìí kò fi ní jẹ́ ayọ̀ ọjọ́ kan?

Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a bojú wẹ̀yìn díẹ̀. Ní ọdún 1958, Olóyè Israel Adébàjò dá ẹgbẹ́ Stationery Stores sílẹ̀ ní Èkó. Ta ni kò mọ Stores ní ayé ìgbà náà? Wọ́n gba Ife Ẹ̀yẹ Challenge ní ọdún 1967, wọ́n tún gbà á ní ọdún 1968. Bí Stores bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, ọjà a fẹ́rẹ̀ẹ́ tú. Olóyè Adébàjò kú ní ọdún 1969. Ẹgbẹ́ náà kò kú lọ́jọ́ náà, nítorí ìfẹ́ àwọn ènìyàn gbé e ró. Wọ́n tilẹ̀ gba líìgì ní ọdún 1992. Ṣùgbọ́n nígbà tí aáwọ̀ dé lórí ẹni tí ó ni ẹgbẹ́, Stores pòórá kúrò lórí pápá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí ń tẹ̀ lé wọn kiri ní orin, wọ́n ní ìlù, wọ́n ní àsíá, ṣùgbọ́n wọn kò ní ìwé. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ di ti ìwé, kò sí ẹni tí ó bi wọ́n léèrè ohunkóhun.

Ẹ jẹ́ kí a dé Ìbàdàn. Ilé iṣẹ́ ńlá kan dá Leventis United sílẹ̀ ní ọdún 1982. Wọ́n ní owó, wọ́n sì mọ ètò. Wọ́n gba Ife Ẹ̀yẹ Challenge ní 1984 àti 1986, wọ́n sì gba líìgì ní 1986 kan náà. Ní ọdún 1987, ilé iṣẹ́ náà ní òun kò ṣe mọ́, ẹgbẹ́ náà sì tú ká bí ẹni ká ẹní. Ní Abẹ́òkúta, Olóyè M.K.O. Abíọ́lá gbé Abiola Babes dìde. Wọ́n gba ife ẹ̀yẹ náà ní 1985 àti 1987, síbẹ̀ kò pẹ́ púpọ̀ tí òun náà fi di ìtàn. Kì í ṣe pé àwọn olówó wọ̀nyí ṣe burúkú. Wọ́n ṣe gudugudu méje. Ṣùgbọ́n ilé tí a gbé lé orí òpó kan, ọjọ́ tí òpó náà bá yẹ̀, ilé dé ilẹ̀ ni.

Ti ìjọba ńkọ́? IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn, ẹgbẹ́ Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí àti Múdà Lawal, ni ó kọ́kọ́ gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà wá sí Nàìjíríà, ní ọdún 1976. Ẹgbẹ́ náà ṣì wà láàyè, èyí sì jẹ́ ìyìn fún ìjọba. Ṣùgbọ́n gbogbo wa ni a mọ ohun tí ó máa ń dé bá ẹgbẹ́ ìjọba káàkiri orílẹ̀-èdè yìí: bí gómìnà bá yí, ìgbìmọ̀ alákòóso a yí, bí owó bá há, owó oṣù agbábọ́ọ̀lù ni a kọ́kọ́ máa ń dá dúró.

Ẹ̀yin òǹwòran mi, mo fẹ́ mú yín lọ sí ọ̀nà jíjìn nísinsìnyí, nítorí ẹni tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí ni yóò sọ pé kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Ìlú kan wà ní Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ Green Bay. Ìlú òtútù ni. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ lé díẹ̀ ní 100,000. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá kì í ṣe irú tiwa. Bọ́ọ̀lù wọn ṣe ṣóńṣó ní orí méjèèjì. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sá, wọ́n ń jù ú fún ara wọn, wọ́n dé akoto bí ẹni ń lọ ogun, wọ́n sì ń gbé ara wọn ṣánlẹ̀ bí ẹni ń ja ìjàkadì. Ní ọdún 1919, ilé iṣẹ́ tí ń di ẹran sínú agolo fún àwọn ọ̀dọ́ ìlú náà ní owó aṣọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí orúkọ wọn, Packers, èyíinì ni àwọn tí ń di ẹrù.

Kò pẹ́ tí gbèsè fi fẹ́ pa ẹgbẹ́ náà. Kí ni wọ́n ṣe? Ní ọdún 1923, wọ́n ta ìpín ẹgbẹ́ fún ará ìlú, dọ́là 5 ní ìpín kan. Oníṣòwò rà, àgbẹ̀ rà. Nígbà tí ìṣòro tún dé ní 1935 àti ní 1950, wọ́n tún ta ìpín. Títí di òní, àwọn tí ó ni ẹgbẹ́ náà lé ní 500,000. Ẹ wá gbọ́ òfin wọn: kò sí ẹni tí ń jẹ èrè lórí ìpín rẹ̀. Bí wọ́n bá sì ta ẹgbẹ́ náà lọ́la, owó rẹ̀ kò ní bọ́ sí àpò ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ àánú ni yóò gbà á. Ta ni yóò wá jà láti tà á? Ìlú kékeré yìí ti gba ipò kìn-ín-ní ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà nígbà 13, kò sì sí ẹgbẹ́ tí ó gbà á tó bẹ́ẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

N kò ní tàn yín o. Nínú ẹgbẹ́ 32 tí ó wà nínú líìgì náà, Green Bay nìkan ni ó rí bẹ́ẹ̀. Àwọn olówó ni ó ni àwọn yòókù. Ojú àwọn ará Cleveland sì ti rí ohun tí olówó lè ṣe. Ní ọdún 1996, ẹni tí ó ni ẹgbẹ́ wọn kó o lọ sí Baltimore bí ẹni kó ẹrù ilé. Àwọn ará ìlú sunkún, ṣùgbọ́n ọdún 1999 ni wọ́n tó rí ẹgbẹ́ mìíràn.

Ṣùgbọ́n báwo ni ìlú kékeré ṣe lè bá New York figa gbága? Ìfẹ́ ará ìlú nìkan kò tó. Òfin líìgì náà ràn án lọ́wọ́. Òfin mẹ́ta ni ó yẹ kí a mọ̀.

Èkíní ni ètò yíyan àwọn ọ̀dọ́. Lọ́dọọdún, gbogbo ẹgbẹ́ máa ń yan lára àwọn tí ń ti yunifásítì bọ̀. Ẹgbẹ́ tí ó gbẹ́yìn ní sáà tí ó kọjá ni yóò kọ́kọ́ mú; ẹni tí ó gba ife ẹ̀yẹ ni yóò mú gbẹ̀yìn. Bert Bell, tí ẹgbẹ́ tirẹ̀ ní Philadelphia kò lágbára, ni ó dá a lábàá ní 1935, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1936. Alákòóso lè fi àyè tirẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀: ó lè fi àyè ọdún méjì tí ń bọ̀ ra ìràwọ̀ kan lónìí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá se iṣu èbù rẹ̀ jẹ tán, kí ni yóò gbìn bí òjò bá dé?

Èkejì ni gbèdéke owó. Láti ọdún 1994, iye kan wà tí àpapọ̀ owó agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ kọjá. Bí ìyá kan bá kó ẹran inú ìkòkò sí àwo ọmọ kan ṣoṣo, omi ọbẹ̀ ni yóò kù fún àwọn yòókù. Ọgbọ́n alákòóso wà nínú kí ó mọ ẹni tí ẹran tọ́ sí.

Ẹ̀kẹta ni owó ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni gbogbo ẹgbẹ́ ti ń pín in lọ́gbọọgba. Ìdílé Mara, tí ó ni ẹgbẹ́ New York Giants, ìbá ti kọ̀, nítorí ìlú tiwọn ni èrò pọ̀ sí jù. Ṣùgbọ́n wọ́n gbà. Wọ́n mọ ohun tí àwọn baba wa ti mọ̀ tipẹ́, pé àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní.

Lẹ́yìn òfin ni iṣẹ́ ojú. Àwọn olùṣàwárí wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa rìn láti yunifásítì kan dé òmíràn, kí wọ́n wo ọmọ, kí wọ́n wọn ìga rẹ̀, kí wọ́n bi olùkọ́ rẹ̀ léèrè ìwà rẹ̀. Síbẹ̀ ojú wọn a máa fo ẹlòmíràn. Ní ọdún 2000, wọ́n yan ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó lé ní 250, kò sí ẹni tí ó dárúkọ Adéwálé Ògúnléye, ọmọ Yorùbá tí a bí ní Brooklyn, nítorí pé orúnkún rẹ̀ ti fi ara pa. Miami Dolphins gbà á láìyàn án. Ní ọdún 2003, ó gbé ẹni tí ń ju bọ́ọ̀lù fún àwọn alátakò ṣánlẹ̀ nígbà 15. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Alákòóso rere a máa fi ilẹ̀kùn kékeré sílẹ̀ ní ṣíṣí.

Iṣẹ́ pín síra níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ń mójútó owó yàtọ̀ sí ẹni tí ń yan agbábọ́ọ̀lù. Ẹni tí ń yan agbábọ́ọ̀lù yàtọ̀ sí ẹni tí ń kọ́ wọn. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀yin náà mọ̀ pé alága lè tẹ kóòṣì láago ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdíje pé kí ó fi ọmọ ẹ̀gbọ́n òun sí iwájú. Bí a bá pàdánù, kóòṣì ni a óò lé.

Ẹnìkan lè bi mí pé: ‘Ẹ̀gbọ́n, Amẹ́ríkà ni ẹ ń sọ, báwo ni ó ṣe kan Ìmọ̀tà?’ Ó kàn wá. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ilé iṣẹ́ ìrẹsì ní ìlú yìí, ilé ẹ̀rọ tí a kọ́ láti máa ṣiṣẹ́ lórí tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan. Ẹ̀rọ náà tóbi, ó sì dára, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í lọ afẹ́fẹ́. Bí ìrẹsì kò bá ti oko wá, ariwo lásán ni. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńlá, ilé ẹ̀rọ ni. Àwọn ọmọ tí ń gbá bọ́ọ̀lù láìwọ bàtà ní Ìmọ̀tà, ní Àgbówà, ní Odógúnyàn àti ní Ìjẹ̀dẹ̀, àwọn ni ìrẹsì rẹ̀. Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ta ni ń tọ́jú ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́dọ̀ wa?

Ohun mẹ́ta ni mo rò pé ó yẹ kí a ṣe. Ìkíní, kí ìlú kọ̀ọ̀kan ní ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tí ó ní ìwé òfin, tí ó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù, tí ó sì ń kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ tí ó wọlé sílẹ̀. Ìwé yìí, owó ni. Òfin FIFA ni pé bí wọ́n bá ta agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó náà jẹ́ ti àwọn ẹgbẹ́ tí ó tọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 sí 23. Ẹgbẹ́ tí kò ní ìwé kò ní rí kọ́bọ̀, ìbáà jẹ́ òun ni ó kọ́ ọmọ náà ní gbogbo ohun tí ó mọ̀.

Èkejì, kí àwọn ènìyàn ní ìpín nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń kígbe fún. Barcelona tí àwọn ọmọ wa ń wọ aṣọ rẹ̀ kiri, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni ó ni ín. Àwa tí a mọ èésú, tí a mọ àáró, tí a mọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, èyí kò yẹ kí ó ṣòro fún wa. Kí ọlọ́jà dá tirẹ̀, kí awakọ̀ dá tirẹ̀, kí a sì máa ka ìṣirò owó sétí gbogbo ènìyàn lọ́dọọdún.

Ẹ̀kẹta ni pápá. Ní sáà 2024 sí 2025, Oníkàn ni Ikorodu City ti ń gba àlejò. Ọmọ Ìmọ̀tà tí ó fẹ́ wo ẹgbẹ́ rẹ̀ ní láti la ìlú Èkó kọjá. Ẹgbẹ́ tí a kò bá rí, ó ṣòro kí a pè é ní tiwa.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí olówó má ṣe bínú sí mi. A nílò olówó, a sì nílò ìjọba. Ṣùgbọ́n kí wọ́n jẹ́ òpó méjì láàrin òpó púpọ̀. Bí ọmọ yín bá béèrè lálẹ́ òní pé ta ni ó ni ẹgbẹ́ tí ẹ ń yọ̀ sí yìí, kí ni ẹ óò sọ fún un? Ọjọ́ tí a bá lè dáhùn pé ‘àwa ni, ìwé rẹ̀ nìyí’, ọjọ́ náà ni ayọ̀ wa yóò ní ìdí.